Ìtàn Kòkòrò Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ìfun Ẹran Ilé àti Ẹran Ìgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, èyí tí àwa Yorùbá máa ń retí nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ pìtàn. Ìtàn kòkòrò kan ni, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá to igba nínú ẹyin rẹ̀ ní ìlà kan, gígùn wọn kò ní í ju mílímítà kan lọ. Síbẹ̀ ó ti dá ìlú ńlá dúró, ó ti mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ewúrẹ́ opó kan kúrò ní àdúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà gan-an ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní ìgbà òjò kan, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ kéékèèké ní òpópónà kan ní Èjìgbò níhìn-ín. Ọmọ tí ó ń rìn lánàá ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lónìí, ojú rẹ̀ sì jìn sínú. Nígbà tí a pe ìpàdé àdúgbò, ẹnì kan dìde, ó ní òun ti kà á nínú ìwé pé inú ẹran ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, gbogbo ojú ti yí sí màmá àgbàlagbà kan tí ó ń sin ewúrẹ́ mẹ́fà. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kí ó fi tà wọ́n. Bí ìpàdé ti tú, màmá náà tọ̀ mí wá, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé lóòótọ́ ni ewúrẹ́ mi ń pa ọmọ wọn lára?" Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí rẹ̀." Ojú tì mí, nítorí pé ọdún púpọ̀ ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìlera, èmi kò sì ní ìdáhùn kan tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó tọ́ kí n sọ irú ibi tí a wà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àrùn kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èjìgbò tí mo ń sọ kì í ṣe Èjìgbò ilẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ Abidjan di ilé kejì. Èjìgbò tiwa jẹ́ ilẹ̀ àwọn Àwórì, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, inú Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ni a kà á sí, oko àti igbó ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn àgbà tí ó jókòó níhìn-ín lè rántí ìgbà tí ilé kò ju ìwọ̀nba lọ, tí ewúrẹ́ ń jẹko lọ láìkan ògiri ẹnikẹ́ni. Lónìí, ilé fara ti ilé. Kànga wà ní apá ọ̀tún, ṣáláńgá wà ní apá òsì, ewúrẹ́ àti adìẹ sì ń rìn láàrin àwọn méjèèjì. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi a gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ sínú kánààlì Òkè-Àfá, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò tíì yé ba àwọn ará ibí lọ́kàn jẹ́ láti Oṣù Kínní ọdún 2002. Irú ilẹ̀ báyìí ni kòkòrò tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fẹ́ràn.

Orúkọ rẹ̀ ni Cryptosporidium. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Èdè Gíríìkì ni a ti mú un jáde, ìtumọ̀ apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni ohun tí ó fara pamọ́. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ ni Ernest Edward Tyzzer, oníṣègùn kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1907, ó ń yẹ inú àwọn èkúté tí a ń sìn fún àyẹ̀wò wò, ó sì rí ohun rogodo kéékèèké tí ó lẹ̀ mọ́ ara ikùn wọn. Kò sí àpẹẹrẹ àìsàn lára àwọn èkúté náà; wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń sáré kiri. Tyzzer kò torí èyí fojú fo ohun tí ó rí. Ó yà á ní àwòrán, ó ṣàlàyé bí ó ti ń bí sí i, nígbà tí ó sì di 1912 ó tún kọ̀wé nípa irú kejì, tí ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ó ń gbé inú ìfun. Irú kejì yìí ni ó sọ ní parvum, èyí tí í ṣe "kékeré" ní èdè Látìn. Ní 1929 ó tún sọ pé òun rí irú rẹ̀ nínú ìfun adìẹ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà sùn. Àrùn tí kò pa ẹran ọlọ́jà lára, ta ni yóò ná owó lé e lórí? Fún ọdún tí ó lé ní ogójì, àwọn tí ó mọ̀ pé kòkòrò yìí wà láyé kò pọ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kà á sí àlejò tí kò ní láárí. Ọ̀rọ̀ náà jọ mí lójú díẹ̀, nítorí pé kòkòrò mìíràn tí ó ń gbé inú ìfun, Giardia, kò jìyà irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: oníṣòwò aṣọ kan ní ilẹ̀ Holland, Antonie van Leeuwenhoek, ti rí i ní 1681 nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ìfun ara ẹni ni ẹni náà ń wò. Ìfun èkúté ni Tyzzer ń wò, aráyé kì í sì í tètè fetí sí ohun tí ó bá ti inú èkúté wá.

Tòlótòló ni ó jí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1955, oníṣègùn ẹran kan tí ń jẹ́ Slavin kọ̀wé pé àwọn ọmọ tòlótòló kan ń ṣu gbuuru, wọ́n sì ń kú, irú Cryptosporidium kan sì wà nínú ìfun wọn. Ó pe irú náà ní meleagridis. Ní 1971 a tún rí i nínú ọmọ màlúù tí inú ń ṣí. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń sin màlúù ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kan àpò. Wọ́n wá rí i pé kò sí oko màlúù kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí lọ́dọ̀ òun. Ọmọ màlúù a máa kó o láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a bí i, inú a ṣí i, yóò gbẹ, ìgbà tí ó bá sì yè é, ara rẹ̀ a le. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó fi ń ṣàìsàn, ẹyin kòkòrò tí ó ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde lójúmọ́ lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín láti sọ bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní ẹyin yìí jẹ́ àpò kékeré kan tí èèpo rẹ̀ le gan-an. Ẹyin aràn gbọọrọ tí gbogbo wa mọ̀ ní láti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lè ran ẹlòmíràn. Ti Cryptosporidium kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń jáde láti inú ẹni kan ni ó ti múra tán láti wọ inú ẹlòmíràn. Nígbà tí a bá gbé e mì, èèpo náà yóò là nínú ìfun, mẹ́rin yóò jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì rì mọ́ awọ inú ìfun, níbi tí oúnjẹ ti yẹ kí ó gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa bí sí i. Omi ara kò ní í lè dúró mọ́, oúnjẹ kò sì ní í ṣe ara lóore. Oògùn klọ́ríìnì tí a ń dà sínú omi, èyí tí ó ń pa kòkòrò onígbáméjì, kò lè ràn án ní ìwọ̀n tí a fi ń sọ omi mímu di mímọ́. Lára ohun tí ó bẹ̀rù ni omi híhó, àti gbígbẹ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn. Ní 1976 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mú ènìyàn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan ni, ní ìgbèríko Tennessee ní Amẹ́ríkà, ní ilé tí màlúù, ajá àti ológbò wà. Inú rẹ̀ ṣí fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó yè. Ní ọdún kan náà a rí i lára ọkùnrin kan tí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di ọ̀lẹ. Ẹ kíyèsi i pé ọmọ tí ó ń gbé láàrin ẹran ni ó jẹ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti gbà pé ẹran ni ó ń kó o ran ènìyàn, èrò yìí sì ta gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dé ìpàdé àdúgbò wa ní Èjìgbò.

Nígbà tí ó di 1982, ìròyìn mìíràn tẹ̀ lé e. Ọkùnrin 21 ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní àrùn éèdì, èyí tí kò tíì ní orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ nígbà náà, ń ṣu omi láìdákẹ́. Cryptosporidium ni ó wà nínú wọn. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kòkòrò náà a máa lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lára àwọn wọ̀nyí kò lọ. Ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn káàkiri ayé tó mọ̀ pé àlejò tí Tyzzer rí nínú èkúté kì í ṣe àlejò yẹpẹrẹ.

Ó ṣe wọ́n láàánú pé wọn kò ní ọ̀nà tí ó rọrùn láti wá a. Títí di ìgbà náà, àfi kí a gé díẹ̀ lára ìfun kí a tó lè rí i. Ní 1981 ni àwọn oníṣègùn ẹran méjì, Henriksen àti Pohlenz, fi ọgbọ́n kan hàn: wọ́n mú aró tí a fi ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì fi kun ìgbẹ́ lórí díńgí. Ẹyin Cryptosporidium a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ohun yòókù a sì yàtọ̀. Ọgbọ́n yìí kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò nira. Ilé ìwòsàn kékeré lè ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Wọ́n kà á nínú màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀, ẹṣin àti ràkúnmí. Wọ́n kà á nínú ajá àti ológbò. Wọ́n wọ inú igbó, wọ́n kà á nínú àgbọ̀nrín, ehoro, ọ̀bọ, eku onírúurú, ẹyẹ, ejò àti alángbá, àní nínú ẹja. Irú ẹranko afọ́mọlọ́mú tí a ti rí i nínú wọn lé ní 150. Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Tíṣà, báwo ni ó ti wọ́pọ̀ tó láàrin ẹran?", ìdáhùn mi ni pé ibi tí a wá a dé ni a rí i dé.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí ẹnì kan bá wọ ọjà Èjìgbò ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ó ka àwọn tí ń tà, yóò ní wọn kò tó nǹkan. Bí ẹlòmíràn bá wọ̀ ọ́ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, yóò ní kò sí ibi tí a lè gbẹ́sẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíkà kòkòrò inú ẹran. Ẹni tí ó bá mú ìgbẹ́ ọmọ màlúù ọlọ́sẹ̀ méjì yóò rí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá mú ti akọ màlúù ọlọ́dún márùn-ún ní ibi tí a ti ń pa ẹran lè ṣàìrí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fi aró kun ún yóò rí díẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ọgbọ́n tuntun tí a fi ń wo àbùdá yóò rí èyí tí aró kò fi hàn. Ẹni tí ó bá sì wo inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ìgbẹ́, yóò rí àpá àrùn tí ó ti lọ tipẹ́, bí ẹni tí ó rí eérú tí ó sì ní òun rí iná. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí iye kan nínú ìwé pé báyìí báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ẹran ni ó ní kòkòrò yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ẹran ọjọ́ orí mélòó? Ní ìgbà òjò tàbí ní ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹran tí ń ṣàìsàn tàbí èyí tí ara rẹ̀ dá? Awò wo ni a fi wò ó? Ìwé tí kò bá sọ èyí, ẹ rọra gbà á gbọ́.

Ohun tí ó wá yí ìtàn padà ṣẹlẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ní Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹrin ọdún 1993. Inú adágún Michigan ni ìlú náà ti ń fa omi, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń da klọ́ríìnì sí i gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní ọjọ́ díẹ̀, omi tí ó ń jáde láti ọ̀kan nínú ilé omi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Lẹ́yìn náà, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tán ní ilé ìtajà, àwọn òṣìṣẹ́ kò lè lọ síbi iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń dá. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, àwọn tí ó ṣàìsàn tó nǹkan bí 403,000. Àwọn tí ó kú lé ní 50, púpọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó ní àrùn éèdì.

Ta ni ó jẹ̀bi? Màlúù ni a kọ́kọ́ na ìka sí. Oko màlúù wà ní àyíká àwọn odò tí ó ń ṣàn lọ sínú adágún náà, òjò sì ti rọ̀, yìnyín sì ti yọ́. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bá ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ọgbọ́n wíwo àbùdá dé, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì wò ó. Kì í ṣe irú tí ó ń gbé inú màlúù. Irú tí ó ń gbé inú ènìyàn ni. Ìgbẹ́ ènìyàn ni ó ti ọ̀nà kan wọ inú omi, ẹjọ́ tí a sì ti dá màlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ní 2002 ni a wá fún irú tí ó jẹ́ ti ènìyàn yìí ní orúkọ tirẹ̀, Cryptosporidium hominis.

Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun tí a rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan jẹ́ ẹbí ńlá. Ti ajá wà lọ́tọ̀, ti ológbò wà lọ́tọ̀, ti ẹlẹ́dẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ti adìẹ, tí a ń pè ní baileyi, wà lọ́tọ̀. Ti ejò náà wà, kò sì bá ènìyàn da nǹkan pọ̀. Ti ajá àti ti ológbò lè mú ènìyàn, pàápàá ọmọdé tí kò jẹun kánú àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Àwọn méjì tí ó ń mú ènìyàn jù ni hominis, tí í ṣe tiwa, àti parvum, tí àwa àti ọmọ màlúù jọ ń pín. Èkẹta tí kò yẹ kí a gbàgbé ni ti tòlótòló, meleagridis, tí ó ti inú ẹyẹ wọ inú ènìyàn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé ọ̀gbẹ́ni tí ó pariwo jù lórí ewúrẹ́ màmá ní ìpàdé wa, tòlótòló mẹ́rin ni ó ń sìn nínú ọgbà rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo wá gba ẹjọ́ gbogbo ẹran rò. Ẹran kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀. Ní 1995, àwọn oníṣègùn ní Texas tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn ènìyàn 29 tí ara wọn le fi ara wọn sílẹ̀ láti gbé ẹyin parvum tí ó ti ara ọmọ màlúù wá mì. Ìwọ̀n 132 tó láti mú ìdajì wọn. Nínú àwọn tí ó gbé 30 péré mì, ó mú ẹnì kan. Ẹ fi èyí wé iye tí ọmọ màlúù kan ń ṣu lójúmọ́. Ní 2008 pẹ̀lú, ní Northamptonshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ehoro kan ṣoṣo bọ́ sínú agbada omi ní ilé omi kan. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 250,000 máa se omi wọn kí wọ́n tó mu ún. Nítorí pé wọ́n tètè kéde, àwọn tí ó ṣàìsàn kò ju ogún ó lé díẹ̀ lọ. Irú ti ehoro náà ni a rí nínú wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé kò sì tíì gbà ṣáájú ìgbà náà pé irú ti ehoro lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹranko ìgbẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni àwọn oníṣègùn ẹran ní Ìbàdàn àti ní Zaria ti ń wá kòkòrò yìí nínú ẹran ọ̀sìn Nàìjíríà, wọ́n sì rí i. Ní 2011, ìwádìí kan tí a ṣe lórí àbùdá rẹ̀ nínú màlúù ní Ìpínlẹ̀ Kaduna jáde: àwọn irú tí ó jẹ́ ti màlúù fúnra rẹ̀, tí kì í sábà mú ènìyàn, ni ó pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣa ìgbẹ́ ajá ní ojú títì ìlú, wọ́n sì rí Cryptosporidium nínú rẹ̀. Ní ti ènìyàn, ní púpọ̀ jù nínú àwọn ibi tí a ti wo àbùdá rẹ̀ lára ọmọdé ní Áfíríkà, hominis, ti ènìyàn, ni ó máa ń ṣáájú. Parvum pàápàá tí a ń rí lára àwọn ọmọ náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan tí ó ń ti ara ènìyàn bọ́ sí ara ènìyàn, tí kò kọjá lára màlúù rárá.

Ó yẹ kí a rò ó wò ní ti Èkó. Màlúù tí à ń rí níhìn-ín, àwọn tí ọkọ̀ ń kó wá sí Òkò-Ọba ní Agége, àgbà ẹran ni wọ́n. Ọmọ màlúù ọlọ́sẹ̀ méjì, tí í ṣe ilé ìṣúra kòkòrò yìí, òkè Ọya ni ó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ohun tí ó kù fún wa ní Èjìgbò ni ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, ajá, ológbò, àti eku tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ọmọ ewúrẹ́ lè ní parvum, ó sì tún lè ní irú mìíràn tí ó ń mú ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà màmá kò lè sọ pé ọwọ́ ewúrẹ́ òun mọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mẹ́fà, tí mẹ́rin nínú wọn jẹ́ àgbà, kò tó láti mú òpópónà kan ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ohun tí ó kan gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ wá, kò sì sí ohun tí ó kan gbogbo ilé bí kò ṣe omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2013, àwọn oníṣègùn tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje, mẹ́rin ní Áfíríkà àti mẹ́ta ní Éṣíà. Mali àti Gambia wà lára wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí ó lé ní 22,000 ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí inú ń ṣí àti àwọn tí ara wọn dá. Wọ́n ń retí pé àwọn kòkòrò tí orúkọ wọn ti di mímọ̀ ni yóò wà níwájú. Rotavirus ni ó ṣáájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ohun tí ó tẹ̀ lé e ni Cryptosporidium, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í tilẹ̀ wá. Oògùn kan wà fún un, nitazoxanide, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn ọmọdé ní 2002. Ó ń ran ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì lágbára lọ́wọ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí àrùn éèdì ti dá ara rẹ̀ lágara. Nítorí náà omi iyọ̀ àti ṣúgà, ọmú ìyá, àti omi tí a sè ni ó ṣì jẹ́ odi tí ó lágbára jù fún ọmọ ọwọ́.

Mo mú gbogbo èyí padà lọ sí ìpàdé àdúgbò kí ọjọ́ méje tó pé. Kò rọrùn. Àwọn kan ní mo ti gba ẹran lọ́wọ́ màmá, n kò mọ̀ pé wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ rìn dé ibi kànga tí ilé mẹ́sàn-án ń pọn, kí a tó pa ẹnu pọ̀ lé ẹran. A lọ. Ẹnu kànga náà bá ilẹ̀ dọ́gba, kò ní ìdérí, pákó méjì ni a fi dá a lábùú. Ṣáláńgá kan wà ní apá òkè rẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré ni. Ipa ibi tí omi òjò ti gbà ṣàn wá láti ibẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, ó ya bí ìlà tí a fi ọkọ́ fà. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni onílé tí ó ni ṣáláńgá náà ní ewúrẹ́ pẹ̀lú a máa wá mu omi tí ó dá sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí a pinnu ni pé kí a mọ ògiri yí kànga ká dé ìwọ̀n ìbàdí, kí a fi irin dé e, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹran kankan, ìbáà ṣe ewúrẹ́ tàbí tòlótòló, sún mọ́ ọn, kí olúkúlùkù ìyá sì máa se omi tí ọmọ yóò mu títí yóò fi hó. Ṣáláńgá náà gba oṣù mẹ́ta kí onílé tó gbà láti dí i, kí ó sì gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru náà dínkù. N kò ní í sọ fún yín pé iṣẹ́ tí a ṣe ni ó dín in kù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé kí a tó parí ògiri náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ìgbẹ́ ọmọ kankan lọ sí ibi tí a lè gbé ti fi aró pupa wò ó. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ ní ìgbà méjì lẹ́yìn náà, omi kò sì tún ṣàn wọ inú kànga. Ewúrẹ́ màmá ti di mẹ́jọ báyìí. Ó ń so wọ́n mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbá ìgbẹ́ wọn láràárọ̀ lọ sá sí oòrùn.